Ikọ́ Jórinjórin: Bí Ẹ Ṣe Lè Tètè Mọ̀ Pé Èéfín Ti Ń Ba Ẹ̀dọ̀fóóró Jẹ́

Jórinjórin tó bá fi ọ̀sán jó páìpù tí wọ́n fi síǹkì bò, tí òtútù wá ń mú un lálẹ́, tí ara ń ro ó, tí itọ́ ẹnu rẹ̀ sì ń rùn bí irin, ibà ni yóò kọ́kọ́ pè é. Ó lè má jẹ́ ibà. Èéfín síǹkì máa ń fa irú èyí ní wákàtí 4 sí 10 lẹ́yìn iṣẹ́, ara á sì balẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ 1 sí 2. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹ tó lo oògùn ibà, kí ẹ sì sọ irú irin tí ẹ jó. Bí mímí bá ń le sí i lóru, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Ilé ìwòsàn yá.

Ikọ́ fée tí iṣẹ́ ń fà ló ṣòro jù láti dá mọ̀, torí díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé. Ẹ ṣọ́ ọjọ́ tó ń ṣe yín. Ṣé àyà máa ń fún yín lọ́jọ́ iṣẹ́ tàbí lóru rẹ̀, tó sì ń fúyẹ́ bí ẹ bá lọ sọdún nílé? Ìyàwó tí ẹ jọ ń sùn lè ti máa gbọ́ bí àyà yín ṣe ń han kí ẹ̀yin tó fura. Ẹ gbà á gbọ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún ọ̀sẹ̀ 4: ọjọ́, irin tí ẹ jó, ikọ́, bí oorun ṣe rí. Dókítà lè fún yín ní ẹ̀rọ kékeré tí ẹ óò máa fẹ́ èémí sí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, títí kan ọjọ́ ìsinmi. Fọ́tò àyà nìkan kò tó. Ikọ́ fée kì í sábà hàn níbẹ̀.

Ikọ́ tó bá pé ọ̀sẹ̀ 2, ẹ yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ wò. Ọ̀fẹ́ ni nílé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà.

Mílíìkì agolo tí ọ̀pọ̀ ń mu kó lè fọ èéfín dànù, inú ikùn ló ń lọ, kì í dé ẹ̀dọ̀fóóró. Ẹ fi owó rẹ̀ ra ìbòmú N95, irú èyí tó ń sẹ́ èéfín. Aṣọ tí a so mọ́ imú kò lè dá èéfín dúró. Ẹ ha síǹkì àti ọ̀dà kúrò kí ẹ tó jó irin, kí ẹ sì ṣe é níta. Láti 2017 ni ẹ̀ka tó ń rí sí jẹjẹrẹ ní Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka èéfín iṣẹ́ jórinjórin mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ tuntun ṣe àyẹ̀wò agbára èémí kó tó bẹ̀rẹ̀, kó sì máa tún un ṣe lọ́dọọdún, kí dókítà lè rí i bó bá ti ń dín kù.