Bí A Ṣe Ń Yẹ Yàrá Òtẹ́ẹ̀lì Olówó Pọ́ọ́kú Wò ní Ṣágámù

Má sanwó kí o tó fojú ara rẹ rí yàrá, pàápàá lẹ́bàá gáréèjì. Fa bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri, ká aṣọ orí rẹ̀, kí o fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo ojú rírán fóòmù dáadáa. Bí o bá rí àmì dúdú wínníwínní bí orí abẹ́rẹ́, ìgbẹ́ ìdun ni. Má gbà kí wọ́n fín oògùn sí i fún ọ. Yàrá mìíràn ni kí o gbà, kì í ṣe èyí tó fara kàn án.

Ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ní ìdè nínú, torí kọ́kọ́rọ́ rẹ lè wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ṣí ẹ̀rọ omi. Béèrè aago tí wọ́n ń pa jẹnẹrétọ̀, kí o sì gba rìsíìtì.

Lásìkò Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, yàrá máa ń wọ́n: tètè wá a.