Bí Ẹ Ṣe Lè Gbọ́ Ètò Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ Orí Rédíò ní Ireland, Kí Ẹ sì Dá sí I

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn baba wa pe rédíò nígbà tí ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí pé ohun tí ó bá wù ú ni ó ń sọ, kò sì sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn. Ní Ireland, orúkọ yẹn kò bá a mu mọ́. Láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ ni àwọn ará ìlú ń dá rédíò lóhùn lórí owó ilé, ilé ìwòsàn, ìdánwò àwọn ọmọ, títí kan òjò pàápàá. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilẹ̀ wa dé ibí, tí ó sì jẹ́ pé ìròyìn ilé nìkan ni ó ń gbọ́ lórí fóònù rẹ̀, ń gbé láàárín àwọn ènìyàn láìmọ ohun tí ń dùn wọ́n. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo kọ èyí fún.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí RTÉ Radio 1, rédíò ìjọba orílẹ̀-èdè náà, tí ẹ ó rí láàárín 88 sí 90 lórí FM. Òun ni àgbà nínú wọn, nítorí pé láti ara ilé-iṣẹ́ rédíò 2RN, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Dublin ní ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1926, ni ó ti ṣẹ̀ wá. Newstalk wà láàárín 106 sí 108. Dublin nìkan ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, kí ó tó kárí orílẹ̀-èdè ní 2006. Gbogbo wọn ni ẹ lè gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kò nílò ìwé àṣẹ kankan láti gbọ́ rédíò; owó 160 yúrò tí wọ́n ń gbà lọ́dọọdún, tẹlifíṣọ̀n ni ó wà fún.

Ẹ má ṣe fojú kéré rédíò àdúgbò. Ní Mayo, Midwest Radio ni. Ní Kerry, Radio Kerry. Ní Donegal, Highland Radio. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ka orúkọ àwọn tí ó kú ní agbègbè wọn, abúlé tí olóògbé ti wá, ilé tí òkú wà, àti ṣọ́ọ̀ṣì tí ìsìn yóò ti wáyé. Bí ẹ bá ń gbé ní ìgbèríko, àkókò ètò yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, nítorí pé láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń sin òkú wọn, wọn kì í sì í tètè gbàgbé aládùúgbò tí ó wá bá wọn kẹ́dùn.

Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, Morning Ireland ni àwọn mínísítà ti máa ń jẹ́jọ́ lẹ́nu àwọn akọ̀ròyìn láàárọ̀, ní orí RTÉ Radio 1. Ní ọ̀sán, lẹ́yìn ìròyìn aago kan, Liveline yóò bẹ̀rẹ̀; ètò àwọn ará ìlú fúnra wọn nìyẹn láti 1985. Joe Duffy ṣe atọ́kùn rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kí ó tó fẹ̀yìn tì ní oṣù kẹfà ọdún 2025. Bí agogo bá ń dún ní aago méjìlá ọ̀sán tàbí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, rédíò yín kò bàjẹ́: agogo àdúrà Angelus ni, láti 1950 ni wọ́n sì ti ń lù ú.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó yé yín. Taoiseach ni olórí ìjọba, Dáil ni ilé aṣòfin, TD ni aṣòfin tí ó wà níbẹ̀, Gardaí ni ọlọ́pàá, HSE sì ni àjọ ètò ìlera. Bí wọ́n bá ní ẹnìkan ń “giving out”, kò pín nǹkan fún ẹnikẹ́ni. Ó ń ráhùn tàbí ó ń bá ènìyàn wí ni.

Kí ẹ tó pe rédíò, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó mú kí wọ́n ka ìtàn ara ẹni sí níbí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1984, ọmọbìnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan, Ann Lovett, dá nìkan bímọ níta gbangba ní ìlú Granard. Òun àti ọmọ náà kú. Àwọn obìnrin láti ibi gbogbo kọ lẹ́tà sí ètò atọ́kùn kan, Gay Byrne, lórí rédíò RTÉ, wọ́n sọ ohun tí àwọn náà ti fi pamọ́ sínú fún ọ̀pọ̀ ọdún, a sì ka àwọn lẹ́tà náà sétígbọ̀ọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè. Kò sí ìwé òfin tàbí ìwàásù tí ó lè sọ ohun tí àwọn lẹ́tà wọ̀nyẹn sọ. Nítorí náà, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí yín ni kí ẹ mú wá, kí èrò yín tẹ̀lé e.

Bí ẹ bá pè, kì í ṣe atọ́kùn ni yóò gbé fóònù, òṣìṣẹ́ ètò ni. Yóò bi yín léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó sì lè pè yín padà. Ká ní onílé kọ̀ láti dá owó ìdógò yín padà: ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ kó jáde, iye owó náà, àti bóyá ẹ ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí RTB, àjọ tí ń rí sí aáwọ̀ onílé àti ayálégbé. Ẹ má dárúkọ onílé náà lórí afẹ́fẹ́, nítorí pé òfin ìbanilórúkọjẹ́ ti 2009 lè mú ẹ̀yin àti ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ pa rédíò tí ó wà nítòsí yín, kí ohùn má baà máa padà sí yín létí.

Nílé, ẹni tí ó bá pe rédíò a kí atọ́kùn, a kí gbogbo olùgbọ́, a tún kí ẹbí àti ará. Níbí, ìkíni kan ti tó. Orúkọ àbísọ ni ẹ ó sì fi pe atọ́kùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà. Ó ṣòro fún èmi náà níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò kà á sí àrífín. Ẹ rọra sọ̀rọ̀ ní ohùn tí Ọlọ́run fún yín, kí ẹ má sì sín ohùn wọn jẹ.

Bí ètò kan bá ṣe àìtọ́ sí yín, ẹ kọ ọjọ́ àti aago tí ó wáyé sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ìwé sí ilé-iṣẹ́ náà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Bí èsì wọn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, Coimisiún na Meán, àjọ tí ó ń ṣe alábòójútó wọn láti oṣù kẹta ọdún 2023, ni ẹ ó gbé e lọ bá.