Bí a ṣe lè fi ìlù kọ́ ọmọdé ní ìyàtọ̀ láàrin ìró kíkankíkan àti ìró kẹ́lẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tó máa ń da ẹ̀kọ́ yìí rú kí ó tó bẹ̀rẹ̀ rárá, òun náà sì ni "òkè". Bí rédíò bá ń pariwo, a ó ní ohùn rẹ̀ ti lọ sókè jù. Bí ó bá sì kan àmì tí a ń fi sórí fáwẹ́lì, a tún ní ohùn òkè. Ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ti àkọ́kọ́ jẹ mọ́ bí ìró ṣe lágbára tó, èkejì sì jẹ mọ́ bí ó ṣe tín-ín-rín tàbí bí ó ṣe nípọn tó. Mo ti ní kí àwọn ọmọ kíláàsì kejì fi ohùn tó lọ sókè sọ̀rọ̀ rí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì há ohùn mọ́ ọ̀fun, tí wọ́n ń ké tín-ín-tín bí òròmọdìẹ. N kò bá wọn wí, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló ṣì wọ́n lọ́nà. Láti ìgbà náà, "kíkankíkan" ni mo ń pe ìró tó lágbára, "kẹ́lẹ́" ni mo ń pe èyí tí kò lágbára, mo sì fi "òkè" àti "ìsàlẹ̀" sílẹ̀ fún àmì ohùn nìkan.

Ẹ wá agolo mílíìkì tó ti ṣófo, kí ẹ na ọ̀rá bo ojú rẹ̀ kí ó le dáadáa, kí ẹ sì fi rọ́bà dè é. Ẹ da hóró ìrẹsì bíi mẹ́wàá sórí ọ̀rá náà. Kí ọmọ fi ìdí pẹ́ńsù kan ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá náà jẹ́jẹ́: ìrẹsì yóò kàn gbọ̀n díẹ̀ ni. Kí ó wá lù ú gidi: ìrẹsì yóò ta sókè, òmíràn yóò tilẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó ṣe é títí yóò fi sú u, nítorí ibi tí ìrẹsì ti ń ta yìí gan-an ni ìmọ̀ náà wà. Bí a bá ṣe lu awọ tó ni awọ ṣe ń rìn jìnnà tó ní àlọ àti àbọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣe ń ti afẹ́fẹ́ tó kí ó tó kan etí wa.

Ẹni tó bá ní gángan ní ilé ti rí olùkọ́ tó ju agolo lọ. Ẹ fi í há abíyá láìfún ọsán rẹ̀, kí ẹ fi kọ̀ǹgọ́ lù ú jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà kíkankíkan; ohùn rẹ̀ kò kúrò nísàlẹ̀. Ẹ wá fún ọsán náà pinpin, kí ẹ sì rọra lù ú: ohùn òkè ni yóò mú jáde, síbẹ̀ kẹ́lẹ́ ni yóò dún. Ẹ tú u sílẹ̀, kí ẹ lù ú tagbára-tagbára: ohùn ìsàlẹ̀ ni, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ni yóò gbọ́ ọ. Abíyá ló ń yí ohùn padà, apá tó ń lu ìlù ló ń fi agbára kún un.

Bí kò bá sí ìlù, ẹnu tó. Kí ọmọ pe "igbá", "igba" àti "ìgbà" pẹ̀lú ohùn kẹ́lẹ́, kí ẹni tó jókòó tì í sọ èyí tó pè. Yóò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ṣọ́ra kí ó má lọ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, nítorí tán-án-ná ọ̀fun, èyí tí gbígbọ̀n rẹ̀ ń mú ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ jáde, kì í gbọ̀n nígbà náà, ìdánwò náà yóò sì dàrú.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí a fi ìró tó wà nítòsí wé èyí tó jìnnà. Ní gbangba tí kò sí ògiri, bí a bá sún jìnnà ní ìlọ́po méjì, ìró yóò dín kù ní nǹkan bíi desíbẹ́lì 6 (desíbẹ́lì ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn bí ìró ṣe lágbára tó). Ojú kan náà ni kí olùgbọ́ dúró sí.

Fún àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀, ẹ lè fi iye kún un. Ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ máa ń tó desíbẹ́lì 30, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lásán máa ń tó 60. Desíbẹ́lì 10 tó bá lé sí i túmọ̀ sí agbára ìlọ́po mẹ́wàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ìlọ́po méjì péré ni etí ṣe ń gbọ́ ọ. Láti 85 lọ, tí ó bá gba wákàtí 8 lójúmọ́, etí lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Bí ó bá fi 3 lé e, wákàtí 4 ti tó. Ẹni tí kò ní ohun tí yóò fi wọ̀n ọ́n lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀, kí àlàfo àárín wọn má ju gígùn apá kan lọ: bí ó bá di dandan kí wọ́n fi ohùn rara sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ara wọn, ó ṣeé ṣe kí ariwo náà ti tó 85.