Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ kó sọ́fítíwíà sí lórí Linux

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi Linux ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ní Pánṣẹ́kẹ́ àti Òkè-Ìlẹ̀wó, ọ̀rọ̀ kékeré kan rèé. Ohun tí apt (irinṣẹ́ tí Ubuntu àti Debian fi ń gbé sọ́fítíwíà wọlé) bá gbé wọlé, inú fódà /usr ló ń kó púpọ̀ nínú ẹ̀ sí. Ẹ má fọwọ́ ara yín da nǹkan síbẹ̀, torí ọjọ́ tí apt bá ń ṣe àtúnṣe, ó lè kọ tiẹ̀ lé tiyín lórí. Èyí tẹ́ ẹ bá fúnra yín kọ́ láti inú kóòdù, /usr/local làyè ẹ̀.

Tó bá wá jẹ́ kọ̀ǹpútà àjọlò ńkọ́, tí ọ̀gá ò fún yín láṣẹ sudo (agbára alábòójútó kọ̀ǹpútà)? Ẹ ṣí tẹ́míná, ẹ wọ inú fódà kóòdù sọ́fítíwíà náà, kẹ́ ẹ tẹ èyí:

./configure --prefix=$HOME/.local
make
make install

Ẹ ò rí sudo níbẹ̀ rárá. Inú ~/.local/bin tiyín ni sọ́fítíwíà náà máa wà (fódà ilé yín, ìyẹn $HOME, ni ~ yẹn). Tẹ́ ẹ bá pè é tí kò dáhùn, PATH (àkójọ àwọn fódà tí kọ̀ǹpútà ti ń wá àṣẹ tẹ́ ẹ bá tẹ̀) ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò: ẹ fi $HOME/.local/bin kún un nínú ~/.profile, kẹ́ ẹ jáde, kẹ́ ẹ tún wọlé. Ẹ má sì tíì pa fódà kóòdù yẹn rẹ́ o (mo mọ̀ pé àyè ń há). Ibẹ̀ lẹ ti máa ṣe make uninstall tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ sọ́fítíwíà náà kúrò, bí ẹni tó kọ ọ́ bá fi í sí i.