Bí olùkọ́ orin ṣe lè fi WhatsApp, Song Maker àti Audacity kọ́ kíláàsì

Ohun kan wà tí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè bá olùkọ́ orin ṣe: kí ogójì ọmọ jókòó sílé kálukú wọn, kí wọ́n sì jọ kọrin lẹ́ẹ̀kan náà lórí Zoom. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí akọrin méjì bá fi mítà 10 jìnnà síra, ohùn ẹnì kìíní á ti pẹ́ díẹ̀ kó tó dé etí ẹnì kejì, nǹkan bí ìdá 30 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, ibẹ̀ sì ni ìlù ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sábà máa ń ju ìdá 100 lọ. Ẹni tó bá dán an wò á gbọ́ ariwo ọjà, kò ní gbọ́ orin.

Ibi tí àwọn irinṣẹ́ yìí ti wúlò ni ṣáájú orin àti lẹ́yìn orin: gbígbọ́, ìdánrawò, gbígbà sílẹ̀ àti títò ohùn pọ̀. Kíláàsì tí a ní lọ́kàn níhìn-ín ni JSS2 tó ní ogójì ọmọ, ní ilé ẹ̀kọ́ tí kò gbà kí ọmọ mú fóònù wọlé, tó sì jẹ́ pé fóònù ìyá tàbí bàbá ni wọ́n ń lò nílé. Ohun tí olùkọ́ nílò kò pọ̀: fóònù kan, sípíkà kékeré kan, láptọ́ọ̀pù kan (ó lè ti gbó), àti íapíìsì oníwáyà. Oníwáyà ni o. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀ níwájú.

WhatsApp: àwọn òbí ni kẹ́ ẹ kó jọ

WhatsApp kò gbà kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 13 dá ṣí àkáǹtì fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ JSS2 kò sì tíì pé bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, òbí ni kẹ́ ẹ fi sínú gúrúùpù. Bí ẹ bá ti dá a sílẹ̀, ẹ wọ ètò rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó jẹ́ ádímíìnì nìkan ló lè kọ nǹkan síbẹ̀. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, láàárín ọjọ́ méjì, àwòrán "Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi" àti àdúrà tí wọ́n ń ta látaré á ti bo iṣẹ́ tí ẹ fún àwọn ọmọ mọ́lẹ̀.

Ẹ rántí pé gbogbo ẹni tó wà nínú gúrúùpù ló ń rí nọ́ńbà ara wọn. Òbí tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi sínú broadcast list, níbi tí ẹ ti lè fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn láìjẹ́ pé wọ́n rí ara wọn. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ti fi nọ́ńbà yín pamọ́ sínú fóònù rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní rí nǹkan kan gbà, ẹ̀yin náà ò sì ní mọ̀.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lè rí báyìí:

"Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin òbí wa. Iṣẹ́ orin ọ̀sẹ̀ yìí: kí ọmọ gbọ́ fọ́ìsì nóòtì òkè yìí lẹ́ẹ̀mẹta, kó pàtẹ́wọ́ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà kó gba tirẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Kó dárúkọ àti kíláàsì rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, nọ́ńbà mi ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí. Títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á dá àwọn ọmọ sí."

Ìṣẹ́jú àáyá 30 yẹn nítumọ̀. Ogójì ọmọ ní ìlọ́po 30 jẹ́ ogún ìṣẹ́jú. Ẹ lè gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó sùn. Bí ẹ bá ní kí wọ́n ṣe ìṣẹ́jú méjì-méjì, ó ti di 80 ìṣẹ́jú, ẹ ò sì ní gbọ́ ọ mọ́ tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta. Ìdí tó fi jẹ́ alẹ́ ni pé fóònù wà lọ́wọ́ ìyá ọmọ ní ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀. Ẹ fún wọn ní alẹ́ méjì ó kéré tán.

Nǹkan mẹ́ta péré ni kẹ́ ẹ máa tẹ́tí sí: ṣé ohùn ìbẹ̀rẹ̀ bọ́ sí i, ṣé ìlù ò yẹ̀, ṣé ọ̀rọ̀ yé ni. Ẹ fi fọ́ìsì nóòtì tiyín dáhùn, kí ẹ kọ ibi tó ti ṣì í fún un bó ṣe yẹ. "Tẹra mọ́ ọn" kò kọ́ ọmọ ní nǹkan kan. Ẹ má sì tẹ 2x kó lè yára tán. Ẹ ò lè mọ̀ bóyá ọmọ ń sáré lórí ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ti mú sáré.

Fọ́ìsì nóòtì ìṣẹ́jú kan kì í tó mẹ́gábáìtì 1, ṣùgbọ́n fídíò á jẹ dátà òbí. Ẹ fi fídíò sílẹ̀ de ibi tí ojú ti gbọ́dọ̀ rí i, bí àpẹẹrẹ bí a ṣe ń há gángan sí abíyá, tí apá ń fún ọṣán bí ọ̀pá ṣe ń bọ́ sójú awọ. Irú fídíò bẹ́ẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ lásán, WhatsApp á fún un pọ̀, ìka ọwọ́ onílù á sì di kùrukùru.

Song Maker: níbi tí ojú ti ń rí ìlù

Chrome Music Lab jẹ́ ìkànnì orin ti Google, ọ̀fẹ́ ni, kò béèrè orúkọ tàbí ímeèlì, ìdí nìyẹn tó fi dára fún ọmọdé. Song Maker wà nínú rẹ̀. Àpótí kéékèèké ni: èyí tó wà lókè fún ohùn, ìlà méjì ìsàlẹ̀ fún ìlù.

Ẹ wọ Settings. Ẹ fi Beats per bar sí 4, kí ẹ sì fi Split beats into sí 3. Nínú bar kọ̀ọ̀kan, ìlà ìlù kọ̀ọ̀kan á ní àpótí 12. Nísinsìnyí, lórí ìlà kan, ẹ tẹ àpótí 1, 3, 5, 6, 8, 10 àti 12. Agogo oníméje tí wọ́n ń lù káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà nìyẹn. Ó bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sọdá òkun, ó sì di ìpìlẹ̀ orin bembé ní Cuba. Lórí ìlà kejì, ẹ tẹ 1, 4, 7 àti 10: ẹsẹ̀ oníjó nìyẹn. Kí ìdajì kíláàsì máa fi ẹsẹ̀ lu èkejì, kí ìdajì máa pàtẹ́wọ́ èkíní. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Tempo 80. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ọmọ á fa 5 àti 6 jìnnà síra wọn, tó fi di mẹ́fà dọ́gba-dọ́gba. Ẹ jẹ́ kó wo ojú ẹ̀rọ, á rí i pé àpótí méjèèjì fẹnu kora.

Ìlò kejì dùn ju èyí lọ. Ẹ jẹ́ kí Scale jẹ́ Major, kí ẹ lo ìlà mẹ́ta ìsàlẹ̀ nìkan fún ohùn: dò, re, mí. Kí àwọn ọmọ tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí:

ọkọ: re re
ọkọ́: re mí
ọkọ̀: re dò
ọ̀kọ̀: dò dò

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ọmọ kan gbé gbólóhùn tirẹ̀ sórí rẹ̀ láì sọ ọ́ jáde, kí àwọn tó kù máa dá a mọ̀. Ohun tí onílù ń fi dùndún ṣe gan-an nìyẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti rí ìdí tí ọ̀rọ̀ orin ìjọ tí wọ́n túmọ̀ láyé àtijọ́, tí wọ́n gbé lé ohùn òyìnbó, fi máa ń yí ìtumọ̀ padà lẹ́nu akọrin. Ẹ sọ fún wọn náà pé Song Maker kò lè fa ohùn láti òkè wá sílẹ̀ bí gángan ti ń ṣe. Àtẹ̀gùn ni tirẹ̀, kì í ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè.

Bí ẹ bá tẹ Save, á fún yín ní líǹkì. Ẹ dà á kọ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé kò sí àkáǹtì, bí líǹkì bá ti sọnù, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn.

YouTube kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ má fi fídíò oníṣẹ́jú 12 ránṣẹ́ pé "ẹ wò ó". Ẹ fi ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ sínú líǹkì (ẹ fi &t=95 sí ìparí líǹkì tó wà lókè ojú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, fún ìṣẹ́jú kan àti àáyá 35), kí ẹ sì béèrè ohun kan tí etí nìkan lè dáhùn: ìlù wo ló kọ́kọ́ dákẹ́? Bí ìlù bá yára jù fún wọn, 0.75 wà nínú Playback speed, kò sì ní sọ ohùn di ti bàbá arúgbó.

Títo ohùn ọmọ púpọ̀ pọ̀ di orin kan

Bí gbogbo wọn bá wà nínú kíláàsì kan, ẹ gbé fóònù sórí tábìlì, kí ẹ gbà á sílẹ̀, ó parí. Wàhálà tó ń bọ̀ yìí wà fún àkókò ìsinmi, tàbí bí kíláàsì yín ní Abẹ́òkúta bá fẹ́ bá àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní London kọrin. Ọ̀nà tí Eric Whitacre, olórin ará Amẹ́ríkà tó ń darí akọrin, gbà ní ọdún 2010 nìyẹn, nígbà tó to ohùn akọrin 185 láti orílẹ̀-èdè 12 pọ̀: kálukú dá kọ tirẹ̀ sílé, wọ́n sì tò ó pọ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ogójì. Ọmọ mẹ́jọ tó.

Ẹ mú orin ìbílẹ̀ tí kò lólúwa, tàbí èyí tí kíláàsì fúnra rẹ̀ ṣe. Orin olórin ìgbàlódé lè mú kí ẹni tó ni ín gbé ẹ̀sùn wá bó bá dórí YouTube. Kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ẹ wá ṣe ohùn atọ́nà, èyí tí gbogbo wọn á máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọrin. Ẹ fi metronome (ẹ̀rọ tàbí áàpù tó ń lu ìlù dọ́gba-dọ́gba) sí 80. Ní 80, ìlù kan jẹ́ àáyá 0.75, ìlù mẹ́rin sì jẹ́ àáyá 3 gééré. Nítorí náà:

Láti 0 dé 3: ẹ̀yin ń ka "ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin".
Ní àáyá 3: ẹ pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ọmọ náà á pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú yín. Lẹ́yìn náà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fún ìlù mẹ́ta. Ohùn ìbẹ̀rẹ̀ á dún nínú íapíìsì, ṣùgbọ́n ọmọ ò gbọ́dọ̀ mí.
Ní àáyá 6: orin bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má ṣe fo àtẹ́wọ́ yẹn. Òun lẹ máa fi mọ ibi tí ohùn kálukú ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi í ránṣẹ́ ní MP3. Ní 128 kbps, ìṣẹ́jú kan kò ju nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 1.

Nílé, fóònù kan á máa ṣe atọ́nà sínú íapíìsì ní etí kan, fóònù kejì á máa gbà á sílẹ̀. Bó bá jẹ́ fóònù kan ṣoṣo ló wà, BandLab, áàpù tí a fi ń gba orin sílẹ̀, lè ṣe méjèèjì: atọ́nà lórí ìlà kìíní, ohùn ọmọ lórí ìkejì. Bluetooth ló ń ba èyí jẹ́ jù. Ohùn atọ́nà máa ń pẹ́ kó tó dé etí ọmọ, ọmọ á sì máa kọrin tẹ̀ lé ohun tó ti kọjá. Kí fóònù tó ń gba ohùn dúró lórí ìwé mélòó kan, kó jìnnà tó ìdajì mítà, ẹ má jẹ́ kó wà lọ́wọ́ ọmọ. Kí wọ́n pa fáànù. Yàrá tó ní bẹ́ẹ̀dì àti kọ́tìnì sàn ju pálọ̀ lásán lọ. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kò sí ohun tí a lè fi í ṣe, àfi ká dúró de ìgbà tí wọ́n bá mú iná dé.

Ní ọwọ́ yín, ẹ ṣí Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún ohùn ṣe, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Ẹ fi Import kó gbogbo fáìlì wọlé. Ó lè kọ̀ láti ṣí fọ́ìsì nóòtì WhatsApp àfi tí ẹ bá fi FFmpeg, ètò àfikún tó ń jẹ́ kó lè ka irú fáìlì bẹ́ẹ̀, kún un. Ẹ sún ojú rẹ̀ mọ́tòsí (zoom in), ẹ ó rí àtẹ́wọ́ tó yọrí ṣóńṣó nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fà á títí ṣóńṣó yẹn á fi bọ́ sórí àáyá 3. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó wà láàárín àtẹ́wọ́ àti orin, ẹ yàn án, kí ẹ lọ sí Noise Reduction, kí ẹ tẹ Get Noise Profile: ariwo yàrá ọmọ náà nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ ṣe é díẹ̀ o. Bó bá pọ̀ jù, ohùn á dà bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú omi. Ẹ dín ohùn ìlà kọ̀ọ̀kan kù kẹ́ ẹ tó gbọ́ gbogbo wọn pọ̀, nítorí pé ohùn mẹ́jọ á fọ́ lápapọ̀ bí ìkọ̀ọ̀kan bá ti kún dé ẹnu.

Bí ọmọ kan bá pẹ́ lẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó sì jẹ́ bákan náà ni, kò ṣòro. Ẹ fà á síwájú, ó ti tán. Bó bá bẹ̀rẹ̀ dáadáa tó wá ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó ti yọ íapíìsì létí. Kò sí àtúnṣe, ẹ ní kó tún un gbà. Bí ohùn tiyín bá ń dún lẹ́yìn ohùn ọmọ, íapíìsì rẹ̀ pariwo jù, ó sì ń jò wọnú fóònù tó ń gba ohùn.

Kó tó dé gbangba

Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Ẹ gba ìwé ìfọwọ́sí òbí ní kíkọ, kó sì sọ ibi tí orin máa lọ ní pàtó: gúrúùpù òbí nìkan ni, àbí YouTube, àbí TikTok? Bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo wọn. Lórí YouTube, Unlisted tó fún ìdílé. Ẹni tí kò ní líǹkì kò ní fi ìwákiri rí i. Bí òbí kan bá ní kí ojú ọmọ òun má hàn, ẹ fi ohùn nìkan jáde fún gbogbo kíláàsì, kí ọmọ náà má baà dá yàtọ̀. Orúkọ fáìlì náà ṣe pàtàkì: "JSS2_07" dára ju orúkọ ọmọ àti ti bàbá rẹ̀ lọ.

Bí sáà bá parí, ẹ pa ohùn ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ẹ kọ́kọ́ gbà rẹ́ lórí fóònù, láptọ́ọ̀pù àti Google Drive, kí ẹ sì wọ Trash lọ pa á rẹ́ níbẹ̀ náà, nítorí pé Drive ṣì ń tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀ fún ọjọ́ 30.