Bí Mo Ṣe Ṣètò Ìsinmi Ọjọ́ Mẹ́jọ ní Puerto Rico Nínú Oṣù Keje

Nígbà tí ọkọ mi sọ nínú oṣù Kejì ọdún 2024 pé òun fẹ́ kí gbogbo ilé wa lọ sinmi ní etí òkun nígbà ọlidé àwọn ọmọ, mo rò pé ọ̀rọ̀ náà kò ju kí a ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí a sì wá ibi tí a ó máa sùn. Erékùṣù Puerto Rico ní Òkun Kàríbíà ni a fẹnu kò sí, nítorí pé abẹ́ Amẹ́ríkà tí à ń gbé ni ó wà, a kò ní wá físà mìíràn, dọ́là tí a sì ń ná nílé náà ni wọ́n ń ná níbẹ̀. Ènìyàn márùn-ún ni wá: èmi, ọkọ mi, ọmọ wa ọkùnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 12, àbúrò rẹ̀ obìnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 9, àti ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ẹni ọdún 71 tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Nítorí Màmá ni ètò tí mo fẹ́ fi òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣe fi gba oṣù mẹ́rin lọ́wọ́ mi.

Àṣìṣe ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo wo bí ọ̀sán ṣe máa ń gbóná tó ní San Juan, olú ìlú Puerto Rico, nínú oṣù Keje, mo rí 31 lórí òṣùwọ̀n Celsius, mo sì sọ fún ọkọ mi pé kò tó nǹkan, nítorí pé a máa ń rí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí à ń gbé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tí n kò wò ni omi tí ó wà nínú afẹ́fẹ́. Kì í ṣe jíjáde tí òógùn jáde ni ó ń mú ara tutù. Gbígbẹ tí ó ń gbẹ ni ó ń gbé ooru kúrò lára, bí omi bá sì ti kún inú afẹ́fẹ́, òógùn kò rí ibi gbẹ sí, yóò kàn máa ṣàn lásán ni. Ìdí nìyí tí ìwọ̀n 31, tí ọ̀rinrin rẹ̀ bá jẹ́ ìdá 75 nínú 100, fi máa ń rí lára ènìyàn bí 39. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ní ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní dew point, èyí tí èmi ń pè ní ìwọ̀n ìrì: ibi tí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ tutù dé kí omi inú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í di ìrì. Bí ó bá wà lábẹ́ 16, ara á tu ènìyàn. Bí ó bá ti kọjá 21, ó ti ń ni ènìyàn lára. Ní San Juan nínú oṣù Keje, nǹkan bí 24 ni ó máa ń wà, tọ̀sán tòru. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ èyí ni mo ti jáwọ́ nínú bíbéèrè bí ibì kan ṣe gbóná tó.

Mo pa ìwé ètò àkọ́kọ́ rẹ́, èyí tí mo ti fi ibi tí a ó lọ kún láti òwúrọ̀ di alẹ́, mo sì pín ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí méjì. Nínú oṣù Keje, oòrùn ń yọ níbẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà òwúrọ̀, ó sì ń wọ̀ ní nǹkan bí aago méje alẹ́. Bí oṣù náà bá sì ti ń parí lọ, oòrùn ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sí àárín orí gan-an, kàńtàrí tí kò sí àwáwí nínú rẹ̀. Nítorí náà, ohunkóhun tí a ó fi ẹsẹ̀ rìn ṣe gbọ́dọ̀ parí kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó kọjá. Láti aago mọ́kànlá títí di mẹ́rin, inú ilé ni tàbí ibi tí ẹ̀rọ amúlétutù wà. Lẹ́yìn aago mẹ́rin ni a tún lè jáde. Ọmọkùnrin mi wo ìwé náà, ó ní ṣé ìsinmi ni àbí àtìmọ́lé. Mo dá a lóhùn pé kí ó dúró di ọ̀sán ọjọ́ kejì kí ó tó tún béèrè.

Ọjọ́ tí a ó lọ ni ó ná mi lówó. Ohun kan ṣoṣo tí ọkọ mi bẹ̀bẹ̀ fún ni kí a dé erékùṣù Vieques, tí ó wà ní ìlà oòrùn Puerto Rico, kí a lè rí omi Mosquito Bay tí ó máa ń tàn lóru. Àwọn ẹ̀dá tíńtín tí ojú lásán kò lè rí, tí orúkọ ìmọ̀ wọn ń jẹ́ Pyrodinium bahamense, ni wọ́n kún inú omi náà. Bí nǹkan bá ti kàn wọ́n, wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù. Mo ti mú ọjọ́ kejìdínlógún sí ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù Keje, mo sì ti san dọ́là 150 sílẹ̀ fún onílé kan, kí n tó kà á níbì kan pé ìmọ́lẹ̀ òṣùpá máa ń bo tàwọn ẹ̀dá wọ̀nyí mọ́lẹ̀. Mo ṣí kàlẹ́ńdà òṣùpá. Òṣùpá àrànmọ́jú bọ́ sí ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Keje, ní àárín ìsinmi wa gan-an. Onílé náà kò dá owó padà, n kò sì bá a jà, nítorí pé ó ti kọ ọ́ sínú àdéhùn tí mo fọwọ́ sí láìkà á tán. Ní òru ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje, òṣùpá kò ní hàn rárá, nítorí náà mo fa ìrìn àjò náà wá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù: a ó gbéra ní ọjọ́ kẹta, a ó sì padà ní ọjọ́ kẹwàá.

Ìyípadà yìí tún bá ọ̀rọ̀ ìjì mu. Àsìkò ìjì líle ní Òkun Àtìláńtíìkì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, ó sì parí ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kọkànlá, ṣùgbọ́n láti àárín oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá ni ó máa ń le jù. Inú oṣù Kẹsàn-án ni ìjì Maria kọlu Puerto Rico ní ọdún 2017, oṣù Kẹsàn-án náà sì ni Fiona mú gbogbo erékùṣù náà wọ òkùnkùn ní ọdún 2022. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje kò léwu tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe pé kò léwu rárá, nítorí náà mo ra ìdójútòfò ìrìn àjò nínú oṣù Kẹta. Ẹni tí ó bá ń fi èyí falẹ̀ yẹ kí ó mọ̀ pé ní ọjọ́ tí wọ́n bá ti sọ ìjì kan lórúkọ, ilé iṣẹ́ adójútòfò kò ní san owó lórí ìjì náà fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rà á.

Àwòrán àwọn ilé tí wọ́n ń gbé jáde máa ń dára, òkun a máa hàn lójú fèrèsé, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí mo fi ránṣẹ́ sí onílé kọ̀ọ̀kan kò kan òkun. Mo béèrè bóyá ẹ̀rọ amúlétutù wà nínú gbogbo yàrá tàbí nínú ẹyọ kan. Mo béèrè ohun tí ó máa ṣẹlẹ̀ bí iná mànàmáná bá lọ, bóyá jẹnẹrétọ̀ tàbí bátìrì tí oòrùn ń gba iná sí wà, àti bóyá omi ṣì máa ń sá bí iná bá lọ. Mo béèrè bóyá nẹ́ẹ̀tì wà lójú fèrèsé. Nínú onílé mẹ́fà, méjì péré ni ó dáhùn gbogbo rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn méjì náà ni mo mú, ní San Juan, ilé kan tí ó jìnnà díẹ̀ sí òkun ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ láti ìlà oòrùn ń fẹ́ sí, nítorí pé ìhà yẹn ni afẹ́fẹ́ ti máa ń wá jálẹ̀ ọdún.

Mo bá Màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà rẹ̀ nínú oṣù Karùn-ún, mo sì gbà pé òun ni ìbẹ̀wò tí ó wúlò jù nínú gbogbo ètò náà. Ọ̀kan nínú oògùn tí Màmá ń lò jẹ́ irú èyí tí ń mú ni tọ̀ léraléra, ó sì lè mú kí omi ara gbẹ kíákíá nínú ooru. Dókítà kọ iye omi tí ó yẹ kí ó máa mu sílẹ̀ fún un, ó kìlọ̀ pé kí ó má ṣe dá oògùn náà dúró fúnra rẹ̀, ó sì ní bí orí bá ń fò ó tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá dàrú, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìdúró wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ó tún sọ pé ara máa ń gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí irú ooru bẹ́ẹ̀ tó mọ́ ọn lára, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ìsinmi wa yóò ti parí kí ara Màmá tó gbà á. Torí náà ni mo fi ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ sílẹ̀ láìfi ohun ńlá kankan sí i.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn náà wà níbẹ̀. Nínú oṣù Kẹta ọdún 2024, ìjọba Puerto Rico kéde ìbà dengue gẹ́gẹ́ bí ọ̀ràn pàjáwìrì, ẹ̀fọn tí ó sì ń gbé e kiri máa ń jẹni ní ojúmọmọ, nítorí náà nẹ́ẹ̀tì orí bẹ́ẹ̀dì nìkan kò tó. Mo ra oògùn ìfọ́ra tí DEET, èròjà tí ń lé ẹ̀fọn, wà nínú rẹ̀, mo sì kọ́ àwọn ọmọ pé ìpara tí ń dènà oòrùn ni à ń kọ́kọ́ pa, kí a tó fi oògùn ẹ̀fọn lé e.

Ní ti ẹrù, n kò ní sọ púpọ̀. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò fún mọ́ ara, tí ó ní apá gígùn, akẹtẹ̀ fún olúkúlùkù, ìyẹ̀fun omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí à ń po sínú omi lítà kan, àti àpò oní-síìpù fún fóònù. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé aṣọ òwú tí ó nípọn kò wúlò, nítorí pé bí a bá fọ̀ ọ́ ní alẹ́, yóò ṣì tutù rinrin ní òwúrọ̀.

Ibi tí a ó lọ ni mo fi ojú òjò yàn. Afẹ́fẹ́ láti ìlà oòrùn ń gbé omi wá láti òkun, ó ń kọlu òkè, ó sì ń da òjò sí igbó kìjikìji El Yunque ní àríwá ìlà oòrùn. Kí ó tó dé gúúsù, omi inú rẹ̀ ti dín kù, ìdí nìyí tí igbó gbígbẹ Guánica, tí igi ọrọ́ ń hù nínú rẹ̀, fi wà lórí erékùṣù kan náà. Mo fi El Yunque sí òwúrọ̀ kùtù nítorí pé ọ̀sán ni òjò máa ń rọ̀ jù, odò ibẹ̀ sì lè kún lójijì. Mo fi El Morro, odi ogun àtijọ́ ní San Juan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 1539, sí ìrọ̀lẹ́ kí òkúta rẹ̀ lè ti tutù díẹ̀. Mo sì fi Guánica sí ìparí. Fún Vieques, ọkọ̀ ojú omi máa ń gbéra láti ìlú Ceiba, ṣùgbọ́n ìrìn òru lórí omi Mosquito Bay kò bá àkókò ìpadàbọ̀ rẹ̀ mu, nítorí náà mo gba yàrá fún òru kan níbẹ̀. Mo tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì náà, nítorí pé ọjọ́ kẹrin oṣù Keje jẹ́ ọlidé Amẹ́ríkà.

Ohun kan tí n kò lè ṣètò fún ni eruku. Eruku aṣálẹ̀ Sàhárà, ẹbí ọyẹ́ tí a mọ̀ dáadáa, máa ń gba orí òkun kọjá dé ibẹ̀ nínú oṣù Kẹfà àti oṣù Keje, tí ojú ọ̀run á sì funfun bàì. Mo kàn fi ẹ̀rọ ìfàmí (inhaler) ọmọ mi obìnrin, tí ó ní àìsàn asthma, sínú báàgì ọwọ́.

Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà, nígbà tí ó ku ọjọ́ márùn-ún, wọ́n sọ ìjì kan lórúkọ: Beryl. N kò sùn dáadáa fún òru mẹ́rin. Mo ń wo àwòrán tí National Hurricane Center, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń tọpa ìjì, ní Miami ń gbé jáde ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje, ìjì náà kọlu erékùṣù Carriacou ní Grenada, ó sì tún le sí i títí ó fi dé ìpele karùn-ún, èyí tí ó ga jù, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí kí ó ṣẹlẹ̀ ní Òkun Àtìláńtíìkì ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ nínú ọdún. Ọkọ mi ní kí a fagi lé e. Mo sọ fún un pé kí a dúró di alẹ́ ọjọ́ kejì, nítorí pé ojú ọ̀nà ìjì náà ń gba gúúsù Puerto Rico kọjá lọ sí ìhà Jàmáíkà, àti pé ìdójútòfò wà lọ́wọ́ wa. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó ti kọjá. A gbéra ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta.

Ní òru ọjọ́ karùn-ún, a wọ ọkọ̀ kékeré tí à ń fi àjẹ̀ wà lórí Mosquito Bay. Kò sí òṣùpá. Wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, nítorí náà a jókòó jẹ́jẹ́, ọkọ mi wà á, àjẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń fa ìmọ́lẹ̀ búlúù tẹ̀lé ara rẹ̀ nínú omi. Màmá wò ó fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó yíjú sí mi.

“Ìyàwó mi, ṣé tìtorí èyí ni o ṣe fi dọ́là 150 ṣòfò?”

“Òun ni, Mà.”

“Ó dáa,” ni ó wí, ó sì tún yíjú padà sí omi.