Bí ẹ ṣe lè gbé sáfà Minecraft kalẹ̀ sórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ nínú ilé yín

Kọ́mpáàǹdì wa ò jìnnà sí South Gate FUTA, àwọn ọmọ pọ̀ níbẹ̀, Minecraft, eré tí wọ́n fi ń to búlọ́ọ̀kù kọ́lé, sì ni gbogbo wọn ń ṣe. Tẹ́lẹ̀, orí fóònù ẹnì kan ṣoṣo ni ayé tí wọ́n jọ ń kọ́ máa ń wà, tí ẹni yẹn bá ti bá màmá ẹ̀ lọ sí Ọjà Ọba tàbí tí bátìrì ẹ̀ bá kú, àwọn tó kù á kàn jókòó máa wojú ara wọn ni. Ìyẹn ló jẹ́ kí n wá láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan jáde, mo fi Ubuntu Server (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) sí i, mo gbé Docker lé e lórí, mo wá fi Crafty Controller, app tí wọ́n fi ń bójú tó sáfà Minecraft nínú búráúsà, sínú Docker yẹn, ó ti di sáfà tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀ tọ̀sántòru báyìí. Bí mo ṣe ṣe é ni mo fẹ́ kọ síbí, torí mo mọ̀ pé àwa tó fẹ́ ṣe irú ẹ̀ pọ̀ ní Àkúrẹ́ yìí, dátà ò sì wà fún kéèyàn máa wo fídíò wákàtí méjì kó tó rí ohun tó ń wá.

Láptọ́ọ̀pù tó bá ní RAM 8GB ti tó dáadáa. 4GB náà á gbìyànjú tí àwọn ọmọ ò bá ju mẹ́ta mẹ́rin lọ, torí sáfà Minecraft kan fúnra ẹ̀ fẹ́ bíi 2GB, Ubuntu pẹ̀lú Crafty náà sì gbọ́dọ̀ rí tiwọn jẹ. Ẹ má wo bó ṣe gbó, kódà tí skíríìnì ẹ̀ bá ti fọ́ kò kan nǹkan. Bátìrì ni kí ẹ yẹ̀ wò, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ níwájú.

Kí ni Docker ń bá wa ṣe? Ẹ wo àwọn kọ̀ntẹ́nà tí wọ́n fi ń ṣe ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe wà nínú tiẹ̀, oní POS wà nínú tiẹ̀, oníkálukú ló ní ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ ẹ̀, ẹrù ẹnì kan ò dà pọ̀ mọ́ ti ẹnì kejì. Bí Docker ṣe ń ṣe app náà nìyẹn. Ó ṣe pàtàkì fún Minecraft gan-an torí ìjà Java, ètò tó ń gbé sáfà Minecraft ṣiṣẹ́: ẹ̀yà 1.18 ń fẹ́ Java 17, láti 1.20.5 ó ti di Java 21, tí ẹ bá ní kí ẹ máa fi ọwọ́ kó gbogbo ẹ̀ sórí láptọ́ọ̀pù kan náà ẹ máa fi orí gbá ògiri. Java ti wà nínú kọ̀ntẹ́nà Crafty, ẹ ò ní fọwọ́ kàn án rárá.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ibí yìí dáadáa. Tí wọ́n bá fi krénì gbé kọ̀ntẹ́nà ṣọ́ọ̀bù lọ, ẹrù tó wà nínú ẹ̀ á bá a lọ. Ti Docker náà rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe tèmi, mi ò kọ apá tí wọ́n ń pè ní volumes, mo rò pé kò pọn dandan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko làwọn ọmọ fi kọ́lé nínú ayé yẹn. Èyí àbúrò mi obìnrin kọ́ Ààfin Déjì, ó to àgbàlá lé àgbàlá, ó fi búlọ́ọ̀kù pupa ṣe ilẹ̀, ó tiẹ̀ tan iná sí gbogbo kọ̀rọ̀. Mo wá fẹ́ sọ app náà di tuntun lọ́jọ́ Sátidé kan, mo yọ kọ̀ntẹ́nà àtijọ́, mo gbé tuntun wọlé, ayé tuntun òfìfo ló là sílẹ̀. Ọmọ yẹn ò sunkún o, ó kàn bi mí pé "Ẹ̀gbọ́n, ibo ni wọ́n gbé e lọ?" Mi ò rí nǹkan sọ. Torí náà, inú fódà tó wà níta lórí láptọ́ọ̀pù fúnra ẹ̀ ni kí ẹrù máa wà, kọ̀ntẹ́nà kàn máa ń nawọ́ mú un lò ni, ohun tí volumes ń ṣe nìyẹn.

Ó yá. Tí Ubuntu bá ti wà lórí ẹ̀, ẹ fi Docker sí i:

curl -fsSL https://get.docker.com | sudo sh
sudo systemctl enable docker

Enable yẹn ló máa jẹ́ kí Docker jí fúnra ẹ̀ tí láptọ́ọ̀pù bá kú tó sì tún tàn. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ṣe fódà kan, ẹ wọnú ẹ̀:

mkdir ~/crafty && cd ~/crafty
nano docker-compose.yml

Ẹ kọ èyí sínú ẹ̀:

services:
  crafty:
    image: registry.gitlab.com/crafty-controller/crafty-4:latest
    restart: unless-stopped
    environment:
      - TZ=Africa/Lagos
    ports:
      - "8443:8443"
      - "19132:19132/udp"
      - "25565:25565"
    volumes:
      - ./backups:/crafty/backups
      - ./logs:/crafty/logs
      - ./servers:/crafty/servers
      - ./config:/crafty/app/config
      - ./import:/crafty/import

Àlàfo iwájú ìlà yẹn, spacebar ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́, ẹ má lo Tab, YAML, irú fáìlì tí a ń kọ yìí, ò gba Tab rárá, á kàn máa sọ̀rọ̀ tí ẹ ò ní mọ ibi tó ti wá. Lábẹ́ volumes, ohun tó wà lápá òsì kólọ́ọ̀nù ni fódà tiyín, tọ̀tún ni ti inú kọ̀ntẹ́nà. Lábẹ́ ports, 8443 ni ojú ibi tí ẹ máa gbà wọ Crafty nínú búráúsà, 25565 ni àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣeré máa gbà wọlé, 19132 sì ni ti àwọn onífóònù, UDP ló sì ń lò, tí ẹ bá gbàgbé láti kọ udp sí i fóònù kankan ò ní rí sáfà yín.

Ẹ wá sọ pé:

sudo docker compose up -d

Àkọ́kọ́ á pẹ́ díẹ̀ torí ó ń dáwúnlóòdù, ẹ ṣe é lálẹ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dáa. Tó bá tán, Crafty á ti dá páásíwọ́ọ̀dù sílẹ̀ fúnra ẹ̀, ẹ wò ó báyìí:

sudo cat config/default-creds.txt

Ẹ lọ sí búráúsà lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà míì tó wà lórí Wi-Fi kan náà, ẹ tẹ https:// kí ẹ tó kọ IP (nọ́ńbà àdírẹ́sì) láptọ́ọ̀pù yẹn àti :8443 (hostname -I ló máa sọ IP fún yín). Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ https. Búráúsà á pariwo pé ibí yìí léwu, torí Crafty ló fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ìwé ẹ̀rí ẹ̀ ni, láptọ́ọ̀pù yín ni o, ẹ tẹ̀síwájú. Ẹ wọlé, ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù padà kíá. Ẹ tún wọ inú ráútà, kí ẹ ní kó máa fún láptọ́ọ̀pù yẹn ní IP kan náà nígbà gbogbo, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan àwọn ọmọ á ní sáfà ti sọnù.

Nínú Crafty, ẹ ṣẹ̀dá sáfà tuntun, ẹ mú Paper, irú sáfà Minecraft kan tó ń gba plugin, ẹ fún un ní RAM 1GB sí 2GB, ẹ fọwọ́ sí EULA, ìwé àdéhùn Minecraft, nígbà tó bá bi yín, torí láìsí ìyẹn Minecraft ò ní dìde. Ẹ tan ohun tó ń jẹ́ auto start náà, torí restart tí a kọ lókè, Crafty nìkan ló ń jí, Crafty ló máa wá jí sáfà.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀: Minecraft ti kọ̀ǹpútà, ìyẹn Java, àti ti fóònù, ìyẹn Bedrock, kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ kọ́mpáàǹdì wa, fóònù ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn. Plugin (app kékeré tí wọ́n ń fi kún sáfà) méjì ló yanjú ẹ̀, Geyser àti Floodgate. Geyser ni ògbufọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, Floodgate ló jẹ́ kí onífóònù lè wọlé láì ní àkáǹtì Java. Ẹ ju fáìlì méjèèjì sínú fódà plugins, ẹ tún sáfà tàn. Mo tún din view-distance, bí ibi tí sáfà ń fi han àwọn tó ń ṣeré ṣe jìnnà tó, kù láti 10 sí 6 nínú server.properties, láptọ́ọ̀pù náà mí kanlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná wá kù. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì tiẹ̀, ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ ju kọ̀ǹpútà orí tábìlì lọ nìyẹn, tí wọ́n bá mú iná lọ sáfà ò ní mọ̀. Ráútà ló máa kú, torí náà mo ra mini UPS, bátìrì kékeré tí wọ́n ń tà fún ráútà. Kí ẹ tó pa láptọ́ọ̀pù dé, ẹ ṣí /etc/systemd/logind.conf, ẹ kọ HandleLidSwitch=ignore, ẹ tún láptọ́ọ̀pù tàn, àìṣe bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá ṣe pa á dé báyìí ló máa sùn lọ. Ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ wà, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì.

Nínú Crafty, ẹ lọ sí Backups, kí ẹ ṣètò ẹ̀ sí Schedules pé kó máa ṣe é lóru. Ṣùgbọ́n orí dísíkì kan náà ló ń kó o sí o, tí dísíkì bá kú gbogbo ẹ̀ ló kú, torí náà gbogbo Sunday ni mo máa ń kó fódà backups sórí flash. Mo tún máa ń ṣí ọ̀kan wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nínú sáfà míì, kí n rí i pé ilé àwọn ọmọ wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ di tuntun, sudo docker compose pull, lẹ́yìn náà sudo docker compose up -d. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹrù wà níta, kò séwu.

Àwọn tó wà nílé kan náà, eré yẹn kì í jẹ dátà, torí inú ráútà ló ń yí, àfi díẹ̀ tó máa ń lò láti yẹ àkáǹtì wò nígbà tí wọ́n bá ń wọlé. Ẹni tó bá wà níta ló le díẹ̀. Ẹ wo IP tí ráútà yín gbà láti ìta: tó bá bẹ̀rẹ̀ láti 100.64 dé 100.127, ẹ̀yin àti ogunlọ́gọ̀ èèyàn lẹ jọ ń pín IP kan, port forwarding, ìyẹn kí ráútà ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó ń ti ìta bọ̀, ò lè ṣiṣẹ́, ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí ẹ̀. Tailscale ni mo lò, app tó ń so àwọn ẹ̀rọ tó jìnnà síra pọ̀ bíi pé wọ́n wà lórí Wi-Fi kan náà, mo fi sórí láptọ́ọ̀pù àti sórí fóònù àbúrò bàbá mi kan tó wà nílùú Òǹdó. Bó bá jẹ́ pé orí VPS, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ẹ háyà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni ẹ gbé tiyín sí, ẹ mọ̀ pé Docker máa ń fo UFW, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà Ubuntu (firewall), kọjá, ojú tí ẹ bá kọ sí ports á ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé bí UFW tiẹ̀ ní òun ti tì í. Ẹ kọ ti Crafty báyìí: "127.0.0.1:8443:8443", kí ẹ sì máa gba SSH, ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọ kọ̀ǹpútà láti òkèèrè, wọlé.

Fún ti Òǹdó yẹn, mo lọ sí Roles nínú Crafty, mo fún un láyè láti wo Terminal àti Players nìkan, mi ò fún un ní Files. Mo fi IP Tailscale ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, mo ní kó lọ sí Add Server, kó fi 19132 sí port. Ó wọlé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àbúrò mi ló lọ pàdé ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ààfin tuntun tó ń kọ́, ó ní kó wá bá òun gbé búlọ́ọ̀kù.